Òṣó Tí Wọ́n Ló fún Rẹfirí

Ìwé òfin bọ́ọ̀lù ló kó mi sí wàhálà. Ká ní n kò kà á ni, ǹ bá jókòó jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kí n máa bú rẹfirí bí gbogbo ayé ṣe ń bú u.

Àwọn mẹkáníìkì Òṣogbo àti ti Iléṣà fẹ́ gbá ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ní pápá kan nílùú Iléṣà. Òṣogbo ni mò ń gbé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì ni ìyá mi, ni ìhà méjèèjì bá gbà pé tiwọn ni mí. Wọ́n gbé fèrè lé mi lọ́wọ́. Páálí tíì ni mo gé ṣe káàdì yẹ́lò.

Òfin kan wà nínú ìwé náà tó dùn mọ́ mi jù. Láti 1992, kípà kò gbọdọ̀ fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹsẹ̀ gbá sí i. Tó bá forí kàn án, kò sẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù sókè kó lè ráyè forí kàn án sí kípà, òfin ló ń tàn jẹ: káàdì ni, àti fíríkíìkì tí a kì í gbá sáwọ̀n tààrà. Rẹfirí ni yóò wòye bóyá ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni.

Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, ará Òṣogbo kan ṣe é gẹ́lẹ́. Inú mi dùn ju ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ lọ. Mo fọn fèrè, mo na páálí tíì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù òfin. Ẹnu ìwàásù yìí ni mo wà tí mo fi gbàgbé láti na ọwọ́ sókè, èyí tó jẹ́ àmì pé bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kan ẹlòmíràn kó tó wọlé. Ará Iléṣà kan gbá a sáwọ̀n fíríì. Mo tọ́ka sáàárín pápá: góòlù!

Lẹ́yìn ìsinmi, òjò ti rọ̀. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún Iléṣà sáré, ẹrẹ̀ yọ̀ ọ́, ó forúnkún lélẹ̀, bọ́ọ̀lù bà á níwájú orí, ó yí lọ sọ́wọ́ kípà. Ẹrẹ̀ kún ẹnu ọmọkùnrin náà, koríko há sí imú rẹ̀. Èmi fọn fèrè: "Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́!" Òṣogbo gbá a wọlé tààrà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ mi ti wà lókè. Mo wọ́gi lé góòlù náà.

Iléṣà ń bínú nítorí fèrè, Òṣogbo ń bínú nítorí góòlù. Bàbá àgbàlagbà kan rọra rìn wọ àárín pápá, ó lóṣòó. Ẹ ṣáà mọ àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́, tí wọ́n ń tàwìn kiri, tí wọn kì í dìde níwájú onígbèsè àfi tówó bá jáde. Bàbá ní: "Òṣó ni màá ló títí wàá fi sọ ohun tó wà nínú ọmọ yẹn. Ṣé o wọ inú rẹ̀ lọ ni?" Kípà Òṣogbo náà wá lóṣòó tì í, ó ń bèèrè góòlù tiwọn.

Ìbéèrè bàbá yìí ni mo ń rò nígbà tí mo kà nípa infield fly, òfin baseball l'Amẹ́ríkà. Tí asáré bá wà ní ibùdó kìíní àti ìkejì, tí ẹni méjì kò tíì kú, tí ẹnìkan wá gbá bọ́ọ̀lù sókè fíofío, ẹni tó yẹ kó hán an lè mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó bọ́, kó lè pa ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan. Òfin kò ní kí adájọ́ wo inú rẹ̀. Kó ṣáà wò ó bóyá ó lè hán an láìṣe wàhálà púpọ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó na ìka sókè, ẹni tó gbá a ti kú nìyẹn. Síbẹ̀, ní 5 October 2012, nílùú Atlanta, adájọ́ kan, Sam Holbrook, na ìka fún èyí tó já bọ́ sọ́nà jíjìn nínú koríko. Òǹwòran rọ̀jò ìgò sí pápá, eré dúró fún ìṣẹ́jú 19. Bí ẹni tó ń fojú wo ọwọ́ bá lè rí irú èyí, kí ni ti èmi tí mo lọ ń wo ọkàn?

Ní pápá lọ́jọ́ náà, mo gbé fèrè fún ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà. Ẹni tó bá ṣubú, á fọn. Bọ́ọ̀lù tó bá jáde, á fọn. Bàbá dìde, ó na orúnkún rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun fún rẹfirí àná ní omi tútù kan.