Ó Ti Wọlé!

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Bí mo bá gbọ́ òwe yìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé àwọn baba wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù kí òyìnbó tó gbé e dé. Ẹ tún un wò. Àgbàrá ni atamátàsé: kì í rẹ̀ ẹ́, kì í fẹsẹ̀ ṣẹ́, kò sì sí rẹfirí tó lè fún un ní káàdì pupa. Ilé ni ojú góòlù. Onílé wá ni ẹni tí àwọn oníròyìn eré ìdárayá ń pè ní aṣọ́lé. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn baba ò rò mọ́ ọn ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí aṣọ́lé yóò fi ojú ilé sílẹ̀, tí yóò lọ jókòó sáàárín òǹwòran, tí yóò sì máa pàtẹ́wọ́ fún aṣọ́lé ẹlòmíràn.

Èmi ni aṣọ́lé yẹn o. Kí ẹ má baà rò pé aládùúgbò mi ni mò ń bú.

Ìbàdàn ni mò ń gbé, létí odò kékeré kan tó ń ṣàn lọ bá Ògùnpa. Bí ẹ bá ń wá àwọn ọkùnrin àdúgbò wa lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má wulẹ̀ kanlẹ̀kùn ilé wọn. Ẹ gba ọ̀dọ̀ alákàrà kọjá, ẹ ó gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹ ó rí ilé onípákó kan tí wọ́n fi páànù bò. Bẹ́ǹṣì tò lọ níbẹ̀ bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, tẹlifíṣọ̀n méjì sì wà níwájú bíi pẹpẹ. Ibẹ̀ la wà. A ti sanwó ìwọlé, a ti wọ jẹsí, a sì ti ń bá kóòṣì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò mọ̀ pé a wà láyé jà.

Bíríkìlà kan máa ń jókòó lọ́wọ́ òsì mi. Ọ̀rọ̀ àwọn adẹ́yìnmú ló máa ń dùn ún jù. "Ẹ wo àlàfo! A ò lẹ́ni tó ń dí ẹ̀yìn. Ẹni tó máa dí i pa la nílò, tí kiní kan ò ní lè gbabẹ̀ kọjá!" Ó máa ń ṣe mí bíi kí n sọ fún un pé ohun tó ń wá ní Lọ́ńdọ̀nù wà níwájú ilé rẹ̀. Gọ́tà ibẹ̀ ti dí pa láti èṣí. Omi ò gbabẹ̀ kọjá, eku pàápàá ń wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fẹnu sọ? Láti inú gọ́tà tèmi ni ìdọ̀tí náà ti ṣàn lọ bá a.

Ẹ fetí sí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bó bá ti kan bọ́ọ̀lù Lọ́ńdọ̀nù, "a" ni. A ra agbábọ́ọ̀lù tuntun. A ò gbọdọ̀ ta ti tẹ́lẹ̀. Rẹfirí rẹ́ wa jẹ. Láti ọ̀dọ̀ wa sí Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà, ìyẹn ò ní kí "a" má jẹ́ "a". Bó bá wá kan ààtàn tó wà lẹ́yìn ilé ìwòran náà gan-an, èyí tí òórùn rẹ̀ ń bá wa wo bọ́ọ̀lù láìsanwó, kíá ni "a" á pòórá, "wọn" á sì dé. Wọn ò wá kó o. Wọn ò ṣe gọ́tà fún wa. Ṣé a ò dìbò fún wọn ni? Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Wọ́n ṣe bí ara kan náà ni méjèèjì máa wà. Wọn ò mọ̀ pé ọkùnrin kan ń bọ̀ wá fi ẹ̀tẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò máa sunkún nítorí làpálàpá tó mú ọmọ ọlọ́mọ lókè òkun.

N ò tíì dé orí tẹ́tẹ́ o. Ẹni tí òjò ṣú bo orí rẹ̀ tí kò mọ̀ pé òjò máa rọ̀, òun ló ń sọ iye góòlù tí wọ́n máa gbá wọlé nílùú tí kò dé rí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ẹkún wà níbẹ̀.

Kì í kúkú ṣe pé Ìbàdàn ò ní bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Ní 1976, IICC Shooting Stars na Tonnerre ti Yaoundé, wọ́n gba ife Áfíríkà wálé, kò sì sí kílọ́ọ̀bù Nàìjíríà tó ti gba ife Áfíríkà rí kó tó kàn wọ́n. Pápá Lekan Salami ṣì wà ní Adámásingbà. A máa ń wọ mọ́tò kọjá níwájú rẹ̀ nígbà tí a bá ń sáré lọ wo Lọ́ńdọ̀nù.

Ká padà sórí ìdọ̀tí wa. Láyé ọjọ́un, wọlé-wọlé wà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò. Ẹni tó bá dàgbà á rántí: ó wọ kakí, ó mú ìwé lọ́wọ́, ó ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé bí wọ́n bá ti gbúròó rẹ̀, gbogbo obìnrin ló ń da omi ìkòkò nù, èyí tó mọ́ àti èyí tí kò mọ́. Ìbẹ̀rù ló ń mú wọn gbálẹ̀, ilẹ̀ sáà mọ́. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbé WAI, ogun tí wọ́n ní àwọn ń bá ìwà àìníjàánu jà, dé ní 1984, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù di ti ìmọ́tótó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rìn nígboro títí di aago mẹ́wàá. Kí la fi í ṣe? Títì dá páropáro. A gbé òkúta méjì síhìn-ín, a gbé méjì sọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù yá. Ọjọ́ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà ni bọ́ọ̀lù dùn jù lọ. Àfi bí bọ́ọ̀lù bá kó sí gọ́tà la tó ń rántí pé gọ́tà wà, ẹni tó gbá a síbẹ̀ ló sì máa fọwọ́ yọ ọ́. Gbogbo iṣẹ́ ìmọ́tótó tí mo ṣe nígbà èwe mi nìyẹn. Nígbà tí ìjọba Èkó fagi lé ìsémọ́lé náà ní 2016, ó dá mi lójú pé àwọn agbábọ́ọ̀lù orí títì ló kọ́kọ́ ṣọ̀fọ̀.

Báyìí, àwọn ẹgbẹ́ mi tí ikùn ti ń ṣíwájú wọn ti dá ẹgbẹ́ eléré ìmárale sílẹ̀. Wọ́n á wọ kánfáàsì funfun láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á máa sáré yí àdúgbò po, wọ́n á máa fo gọ́tà. Dókítà ló ní kí wọ́n máa làágùn. Ṣọ́bìrì wà nílé gbogbo wọn, ṣùgbọ́n gbé e fún ọ̀kan nínú wọn pé kó fi làágùn, yóò wò ọ́ bí ẹni tó bú baba rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ tí àwọn baba wa máa ń bẹ, tí ọkọ́ ń dún, tí orin ń lọ, tí ẹmu ń dúró dè wọ́n lábẹ́ igi, ìyẹn ti di ìwà ará oko. Owó la ń dá, a ó fi bẹ ọmọkùnrin kan níṣẹ́. Ọmọ náà gbọ́n jù wá lọ. Bó bá wa ẹrẹ̀ inú gọ́tà tán, etí gọ́tà náà ló ń kó o sí, yóò tò ó jọ dáadáa. Òjò kan péré, gbogbo rẹ̀ ti padà sílé. A ó tún dáwó. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó oṣù rẹ̀ dá lójú tó bẹ́ẹ̀.

Òjò kúkú ni kẹ́ ẹ wá wò. Bó bá ti ṣú báyìí, igbe á ta: "Ẹ gbé ilẹ̀ wá o, òjò ń bọ̀!" Ẹni òkè á da tirẹ̀ sí àgbàrá, àgbàrá á gbé e fún ẹni ìsàlẹ̀, ẹni ìsàlẹ̀ á fi tirẹ̀ kún un, á tún taari rẹ̀ síwájú. Ọ̀rá omi, ike, bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan, tìmùtìmù àtijọ́. Mọ́kọ́lá gbé e fún Ògùnpa, Òkè-Àdó gbà á, Mọ̀lété náà kò dì í mú. Bí kílọ́ọ̀bù tí mò ń sunkún lé lórí bá mọ páàsì gbá tó báyìí, ife ì bá ti kún ilé.

Odò kan kì í ṣe òǹwòran ṣá. Lọ́jọ́ Àìkú, 31 Oṣù Kẹjọ 1980, Ògùnpa fi ipa rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé èèyàn, omíyalé sì di ohun tí a fi ń ka ọjọ́ orí ọmọ. Wọ́n fi kọ̀ǹkéré la ọ̀nà fún odò náà, inú wa dùn, a rí ààtàn tuntun tó gún régé. Ní 26 Oṣù Kẹjọ 2011, àwọn odò Ìbàdàn tún kún bo afárá, èèyàn tó kú lé ní 100. Ìparí Oṣù Kẹjọ ni méjèèjì, ìgbà tí líìgì òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń gbóná. Àgbàrá ni wọlé-wọlé tó kù fún wa. Kì í kan ilẹ̀kùn, ìkòkò gbogbo ló sì ń yẹ̀ wò.

Ní Sátidé kan, òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. A jókòó, jẹnẹrétọ̀ ń han, òdo sí òdo ni wọ́n ṣì wà. Fóònù mi dún, ìyàwó mi ni. N ò gbọ́ ọ dáadáa nítorí ariwo.

"Bàbá Ṣèyí! Ó ti wọlé o! Ẹ̀ ń gbọ́? Ó ti wọlé!"

Mo wo tẹlifíṣọ̀n, òdo sí òdo náà ni. Mo ní àbí iná ti dé, tẹlifíṣọ̀n ilé ló yá ju ti ibí lọ. Inú mi dùn dẹ́nu. Mo dìde lórí bẹ́ǹṣì, mo fi ìka kan di etí kejì.

"Ta ló gbá a wọlé?"