Aago Ń Ka Ọkàn, Ta Ló Ń Ka Òkèlè?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ kíìpù-fíìtì gbogbo! Ẹ kú jẹ́sì, ẹ kú kánfáàsì, ẹ kú aago. Ó ku "ẹ kú eré sísá", ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì ń dúró de ọjọ́ tí ẹ máa sá a.

Ẹ dé pápá ìṣeré Surulere láàárọ̀ Sátidé, tàbí kí ẹ gba orí afárá tó so Lekki mọ́ Ikoyi, ojú yín á rí nǹkan. Alága ẹgbẹ́ dé tòun ti jẹ́sì tí wọ́n kọ "Chairman" sí lẹ́yìn. Kánfáàsì rẹ̀ funfun débi pé ó ń fò kọjá ibi tí omi ti gbẹ láti àná. Aago ńlá kan wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó wo aago. Ó gbé èkejì, ó pariwo: "Ẹ dúró ná! Ọkàn mi ti wọ 140!" Gbogbo ẹgbẹ́ dúró. Wọ́n ya fọ́tò aago. Fọ́tò wọ WhatsApp. Kí oòrùn tó ràn dáadáa, wọ́n ti wà nídìí àsun.

Alága mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ aago ni mo bá wá. Ikùn ṣì ń bọ̀.

Ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn ti jìyà kó tó di ohun tí ẹ̀ ń fi ṣe fáàrí. Willem Einthoven, oníṣègùn ará Netherlands, ló ṣe èyí tó kọ́kọ́ ṣeé gbára lé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹ̀rọ náà wúwo tó nǹkan bí 270 kílò, èèyàn 5 ló ń bójú tó o, ẹni tí wọ́n sì fẹ́ yẹ̀ wò á ki ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ kan bọ inú omi iyọ̀. Wọ́n fún Einthoven ní ẹ̀bùn Nobel ní 1924. Ká ní irú ẹ̀ lẹ̀ ń gbé wá sí Surulere ni, gbígbé e sọ̀ kalẹ̀ látinú mọ́tò nìkan ì bá ti tó eré ìdárayá fún oṣù kan. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Norman Holter ará Amẹ́ríkà sọ tirẹ̀ di ẹrù àpọ̀nsẹ́yìn, ó ṣì lé ní 30 kílò. Ìgbà tó di 1977 ni Seppo Säynäjäkangas dá iléeṣẹ́ Polar sílẹ̀ ní Finland. Ní 1982, wọ́n gbé Sport Tester PE2000 jáde: bẹ́líìtì kan lórí àyà, aago kan lọ́wọ́, kò sí wáyà kankan láàárín wọn. Àwọn tó ń fi pákó lẹ́sẹ̀ sáré nínú yìnyín ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà náà. Ẹ̀yin ẹ̀ ń lò ó láti rìn lọ sídìí mọ́tò.

Lónìí, ìdílé méjì ló gbajúmọ̀ jù lọ́jà: bẹ́líìtì àyà àti aago ọwọ́. Ọ̀kan ń sọ òótọ́ lábẹ́ aṣọ. Èkejì ń ṣe fáàrí níta, ó sì ń bu irọ́ díẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ mọ èyí tí ẹ rà.

Kí ọkàn tó lù, iná kékeré kan ló ń kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Iná yẹn gan-an ni bẹ́líìtì àyà ń gbọ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi bá apá tó ń jù jà. Ohun tó ń tọrọ kò ju méjì lọ: kí ẹ fi omi tàbí itọ́ pa ibi tó ń kan ara, kí ẹ sì dè é dáadáa sí ìsàlẹ̀ ọmú. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ ní òun ò lè máa tutọ́ sára ohun tóun fi owó gidi rà. Ní ti Alága, bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ dúró sí ààlà àyà àti ikùn, ààlà yẹn sì ti di ẹjọ́: ikùn ti kọ́lé wọ ilẹ̀ àyà, kò sí sọ̀féyọ̀ tó lè yanjú ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ìdí tí wọn ò fi rà á gan-an ni pé kò hàn. Ta ló máa ra ohun olówó ńlá tí aládùúgbò ò ní rí? Ká ní wọ́n lè dè é sórí agbádá ni, wọn ì bá ti kó o tán lọ́jà.

Ní ti aago ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń sáré. Ó ń tan iná aláwọ̀ ewé sára, ẹ̀jẹ̀ a sì máa fa iná náà mu. Bí ọkàn bá ti lù, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ á kọjá, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà bọ̀ á dín kù, aago á fi ìyẹn ṣírò. Tí ẹ bá jókòó, ó dára. Tí ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́, kò burú. Bí apá bá wá ń jù fìrìfìrì, tí aago ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, nígbà mìíràn ìró ẹsẹ̀ ló máa kà tí á ní ọkàn ni. Alága kò sì fún tirẹ̀ mọ́ra rárá, ó ń yí po lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹ̀gbà ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ẹ sún un sókè díẹ̀ kọjá eegun ọrùn ọwọ́, kí ẹ sì fún un kó dúró. Tó bá jẹ́ irin lẹ̀ ń gbé ní jíìmù, tí ọrùn ọwọ́ ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ òkè apá sàn fún yín.

Àwọn kan ti rí ẹni di ẹ̀bi rù: "Àwọ̀ dúdú wa ló ń dà á láàmú." Ẹ rọra ná. Ní 2020, àwọn onímọ̀ Duke University ní Amẹ́ríkà dán irú ẹ̀rọ báyìí wò lára èèyàn 53 tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra. Wọn ò rí ìyàtọ̀ gúnmọ́ kankan láàárín dúdú àti funfun. Ohun tí wọ́n rí ni pé nígbà tí èèyàn bá ń mira, àṣìṣe ẹ̀rọ náà fi nǹkan bí 30% ju ti ìgbà tó bá sinmi lọ. Ẹ̀yin adúmáradán, ẹ wá àwáwí mìíràn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yà sí Computer Village, n'Ikeja. Ọmọkùnrin kan ń polówó aago lábẹ́ agboòrùn: "Ọ̀gá mi, orijínà rè é! Ó ń ka ọkàn, ó ń ka BP, ó ń ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kò ní gún yín lábẹ́rẹ́!" Alága rẹ́rìn-ín, ó tọwọ́ bàpò. Alága, ẹ yọwọ́ ná! Ní oṣù kejì ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn ò tíì fọwọ́ sí aago tàbí òrùka kankan tó ń fúnra rẹ̀ ka ṣúgà láìgún ara. Bí ọmọkùnrin yìí bá ti rí i ṣe, kí ló wá ń wá lábẹ́ agboòrùn?

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ fi bébà ìnùdí dán an wò. Ẹ lè de aago gidi mọ́ rólù bébà kó sì ní òun gbọ́ ìlù ọkàn, nítorí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti padà wá ló ti ń wá ìlù kiri. Ìka yín ni kí ẹ fi dán an wò. Ẹ gbé ìka méjì lé ọrùn ọwọ́, ẹ yọ àtàńpàkò sílẹ̀ torí òun náà ní ìlù tirẹ̀. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4. Lẹ́yìn náà, ẹ gun àtẹ̀gùn, ẹ tún kà á. Bí ti aago bá jìnnà sí ti ìka, ẹ dá a padà kí oníṣọ́ọ̀bù tó tilẹ̀kùn. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dókè, ẹ má wulẹ̀ kà á mọ́, ìdáhùn ti dé.

Ẹ rà á tán, aago béèrè: "Ọmọ ọdún mélòó ni yín?" Iṣẹ́ dé! Èwo ni ká fún un: ti ìwé iṣẹ́ ìjọba, ti ìwé ìbúra kóòtù, àbí èyí tí Màmá mọ̀? Ó fẹ́ ṣírò ibi tí ọkàn yín lè lù dé ni. Ìṣirò tó gbajúmọ̀ láti nǹkan bí 1971 ni pé kí ẹ yọ ọjọ́ orí yín kúrò nínú 220. Ní 2001, Tanaka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú òmíràn wá: ẹ sọ ọjọ́ orí di ìlọ́po 0.7, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 208. Ẹni ọdún 60 á rí 160 nínú ti àkọ́kọ́, 166 nínú ti èkejì. Ìfojúdá ni méjèèjì, ọkàn ẹlòmíràn á jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ẹlòmíràn ò ní tó o. Ṣùgbọ́n Alága tó jẹ́ ẹni ọdún 55 níwájú Màmá, tó sì jẹ́ ẹni ọdún 45 níwájú ìjọba, ti fi ìlù 10 kún ẹrù ọkàn rẹ̀. Ẹ lè bá ọ́fíìsì pẹ́ńṣọ̀n ṣe é, ẹ má bá aago ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ìfúnpá tí wọ́n ń pè ní beta-blocker, ẹ dákẹ́ ẹ̀rín díẹ̀. Oògùn yẹn kì í jẹ́ kí ọkàn sáré jù, nítorí náà nọ́ńbà aago lè wà nílẹ̀ nígbà tí ara ti ń pariwo. Ẹ bi dókítà yín léèrè iye tó yẹ yín. Ní ti gbogbo wa, ẹnu tún wà níbẹ̀: bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin, eré yín mọ níwọ̀n. Bí ẹ bá ṣì lè jiyàn lórí ẹni tó máa sanwó àsun, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Mo ní ikùn ń bọ̀, ó dé. Aago ní Alága ti jó kálórì 600. Inú ẹ̀ dùn, ó pàṣẹ iyán, ó ní aago ló san án. Ní 2017, àwọn onímọ̀ Stanford University fi èèyàn 60 dán irú ẹ̀rọ 7 wò. Nínú 7 yẹn, 6 ka ìlù ọkàn tí àṣìṣe wọn ò ju 5% lọ. Ẹ wá gbọ́ ti kálórì: èyí tó mọ̀ ọ́n kà jù fi 27% ṣìnà, èyí tó burú jù fi 93% ṣìnà. Aago tó ń ka ọkàn kò mọ̀ nípa òkèlè, Alága sì ti fi í ṣe akápò.

Ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn, kí n rọ́nà lọ. Ẹni tó ń rìn láàárọ̀, aago ọwọ́ tó o. Ẹni tó ń sáré kíkan tó ń dúró, tó tún ń sáré, tàbí tó ń wa kẹ̀kẹ́, kó ra bẹ́líìtì àyà tó ní Bluetooth, kó jẹ́ kó máa bá fóònù sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò lówó, ìka méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ látọ̀run, wọn kì í gba ṣáàjì. Ẹni tó jẹ́ fọ́tò nìkan ló ń bá wá, kó yá aago aláago, kó dá a padà lẹ́yìn àsun.

Alága, mo rí i pé ẹ ti ń wo ọrùn ọwọ́. Ìlù ọkàn yín ti fi 20 lé sí i látìgbà tí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ mi, ìjókòó lẹ sì wà. Ẹ ti ṣe eré ìdárayá tòní.