Bàbá Agbaṣẹ́ṣe

Bí lẹ́tà ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì bá ti ilé-ìwé dé, ọmọ kọ́ ló ń kà á. Ìyá rẹ̀ ló máa ń bá a nísàlẹ̀ báàgì, lábẹ́ kúlà oúnjẹ, níbi tó ti run jégéjégé. Ìyá á gbé e fún bàbá, bàbá á wọ awò ojú. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Ẹni tó bá ń gbé Ẹ́sítéètì Adéwọlé n'Ílọrin, tí ọmọ rẹ̀ sì wà ní ilé-ìwé aládàáni kan, mọ bàbá tí mò ń sọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé òun gan-an ni.

Òṣìṣẹ́ ìjọba lè jẹ́, ó lè jẹ́ oníṣòwò tó ti lọ Mẹ́kà, ó sì lè jẹ́ olùkọ́ àgbà ní Yunifásítì tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó dá gbogbo wọn lójú ni pé lọ́jọ́ ìpàtẹ, kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ayé máa wò, ẹni tó bí i ni. "Ṣé kí wọ́n wá máa sọ pé ọmọ tèmi ló gbé agolo wá?"

Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ní ìbéèrè tirẹ̀ o. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: kí ló dé tí omi inú àmù ìyá àgbà ní Òkèlélé fi tutù ju omi inú dúrọ́ọ̀mù ike tó wà lẹ́yìnkùlé tiwọn? Ìbéèrè gidi ni, ní Òkèlélé tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò tipẹ́tipẹ́. Ara àmù ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú ò rí. Omi ń sun gba ibẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, bó sì ṣe ń lọ ló ń kó ooru kúrò lára omi tó kù nínú. Ìdí nìyẹn tí omi àmù fi ń tutù rinrin nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tutù lásìkò òjò. Olùkọ́ kan ní Jigawa, Mohammed Bah Abba, gbé ọgbọ́n yìí síwájú: ó ki ìkòkò kékeré bọ inú ńlá, ó da iyanrìn tútù sáàárín, ó fi aṣọ tútù bò ó lórí. Èso ìgbá tí kì í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kó tó bàjẹ́ wá ń lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Lọ́dún 2000, iléeṣẹ́ Rolex fún un lẹ́bùn ńlá. Ìkòkò méjì àti iyanrìn!

Ọmọ gbé ọ̀rọ̀ àmù kalẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́. Bàbá Agbaṣẹ́ṣe rẹ́rìn-ín.

"Àmù? Ta ló ń fi àmù ṣe sáyẹ́ǹsì? Ìdènà omi Kainji la máa ṣe."

"Dádì, mi ò dé Kainji rí."

"Mo ti débẹ̀."

Bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì nìyẹn. Agbaṣẹ́ṣe tó mọ iṣẹ́ kì í sì í dá a ṣe, ó máa ń pín in fún àwọn agbaṣẹ́ṣe kéékèèké ni. Káfíńtà kan ní Gáà Àkànbí ló kan pákó ìdènà omi. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Táíwò Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti rí pọ́ńpù tó ń tu omi sí gíláàsì ọkọ̀. Ọmọ Yunifásítì kan, tí ìyá rẹ̀ ń gbé lójúlé kejì, ló so wáyà. Ẹni tó ń tẹ̀wé níwájú géètì ló wa àlàyé jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó gbàgbé láti pa orúkọ ilé-ìwé kan ní New Delhi rẹ́ nísàlẹ̀ ojú ìwé kejì. Iṣẹ́ wo wá ni ọmọ ṣe? Ọmọ di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó dì í mú títí aago mọ́kànlá òru, tí ìyá fi yọjú:

"Bàbá wọn, ọmọ yìí ń tòògbé o."

"Kó dúró dáadáa. Ìwọ, má fọwọ́ kàn án! Gúlúù ò tíì gbẹ."

Wàhálà kan ṣẹ́ kù. Omi tí pọ́ńpù ń tú jáde ò lágbára tó láti yí tọ́báìnì kó tan iná. Ọ̀rọ̀ kò pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n fi bátìrì sábẹ́ pákó, wọ́n fi koríko ike bò ó. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni fọ́tò Kainji dé orí WhatsApp àwọn òbí: "Iṣẹ́ ọmọ mi rèé o. Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́pọlọ." Gbogbo ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn "Máṣàállà," ẹ sì lọ wá káfíńtà tiyín.

Ọjọ́ ìpàtẹ pé. Wọ́n ta kánópì, jẹnẹrétọ̀ ń dún, ẹni tó gbá gbohùngbohùn mú ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nǹkan kan. Òkè ayọnáyèéfín mẹ́rin ń pọ̀ ìfófòó fínígà àti sódà, nílùú tí kò ní ẹyọ kan ṣoṣo. Ní igun kan, ọmọkùnrin kan gbé abọ́ wàrà mẹ́ta kalẹ̀. Ó fẹ́ mọ èwo ló ń mú wàrà dì kíákíá nínú oje bòmubòmu tí àwọn Fúlàní ń lò, omi ọsàn wẹ́wẹ́, àti fínígà. Mílíìkì kan náà, ìwọ̀n kan náà, iná kan náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́ sórí káádíbọ́ọ̀dù, ìlà rẹ̀ wọ́, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti àkọ́kọ́ jóná. Ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe nínú rẹ̀ ò ju pé ó jókòó ti iná lọ, kí ọmọ má baà jó. Àwọn adájọ́ tọ́ wàrà wò, wọ́n kọjá.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Kainji. Ọmọ wa ka ohun tí wọ́n há sí i lórí: odò Ọya, ọdún 1969, mẹ́gáwáàtì 760, tọ́báìnì. Bó ṣe ń kà á lọ́wọ́ ni pákó káfíńtà jò. Omi dà sílẹ̀, pọ́ńpù dákẹ́, tọ́báìnì dúró. Iná ò kú. Gílóòbù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń tàn yanran lórí odò tó ti gbẹ, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́ títí ilẹ̀ fi ń mì. Ipò kìíní. Bàbá ló bọ́ síwájú lọ gba kọ́ọ̀pù.

Mo rántí àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ tó ń lo ìtọ̀ lọ sí Maker Faire Africa l'Ékòó ní oṣù kọkànlá ọdún 2012. Mẹ́ta jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọ̀kan jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ní lítà ìtọ̀ kan ń fún àwọn ní iná wákàtí mẹ́fà. Ìròyìn wọn kárí ayé, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì ní kò lè rí bẹ́ẹ̀: agbára tí wọ́n máa lò láti fa háídírójìn jáde nínú ìtọ̀ máa ju iná tó máa fún wọn lọ. Àríyànjiyàn yẹn dùn mọ́ mi ju àtẹ́wọ́ lọ. Ẹnì kan bi àwọn ọmọ náà pé níbo ni agbára ti ń wá. Ní Adéwọlé, kò sẹ́ni tó bi ọmọ wa, kódà nígbà tí omi ti tán.

Èmi ò ní kí bàbá ká ọwọ́ gbera o. Ó lè ra tẹmọ́mítà. Ó lè gbé àmù láti Òkèlélé wálé, torí ó wúwo. Ó lè rán ọmọ létí pé kó wọn omi láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, pé kí àmù àti ike wà níbòji kan náà, pé kó kọ nọ́ńbà tó rí, kì í ṣe èyí tó wù ú. Lẹ́yìn náà, kó dákẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti le jù fún un.

Àwọn ilé-ìwé wa náà kì í ṣe aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Wọ́n mọ ẹni tó kan pákó yẹn. Wọ́n mọ̀ pé fọ́tò Kainji á dára lórí pátákó ìpolówó ju fọ́tò abọ́ wàrà lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin adájọ́, ẹ jọ̀ọ́, lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ gbé koríko ike yẹn sókè. Ẹ bi ọmọ pé níbo ni iná yìí ti ń wá, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ ní kí bàbá rẹ̀ lọ dúró ní géètì.