Pákó Kì Í Gbẹ Lẹ́nu

Bí igi bá ń gbọ́ràn, ọjà pákó Bódìjà n’Ìbàdàn ló ti máa gbọ́ irọ́ jù. Pákó arère tí omi ṣì ń sun lára rẹ̀, ẹni tó ń tà á á fi ọwọ́ gbá a gbàgà, á ní: “Bọ̀ọ̀dá, ó ti gbẹ táútáú!” Lẹ́nu yín ló ti gbẹ o, ẹ̀gbọ́n.

Ẹni tó ra irọ́ náà ni ọ̀gá káfíńtà wa ní Agbowó. Ẹ bá mi kí i. Owó tábìlì tẹ́ ẹ san ti lo oṣù mẹ́ta lápò rẹ̀. “Sátidé, Sátidé” ló ń fi kọrin. Ọjọ́ tẹ́ ẹ fárígá ló sáré ra pákó láàárọ̀, ó sì ti di tábìlì kílẹ̀ tó ṣú.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ sùúrù ni lílẹ pákó mọ́ra létí. Igi tó fẹ̀ tó ojú tábìlì ti wọ́n nínú igbó, ìdí nìyẹn tí a fi ń kó pákó tẹ́ẹ́rẹ́ jọ. Wọ́n á sá wọn títí ọ̀rinrin inú wọn á fi wà láàárín ìdá 8 sí 12 nínú 100. Wọ́n á fá etí wọn kí ìmọ́lẹ̀ má lè yọjú láàárín méjì. Ìlà ọjọ́ orí igi ti ọ̀kan á kọjú sókè, ti ìkejì á kọjú sílẹ̀, kí wọ́n má baà gbìmọ̀ pọ̀ tẹ̀ síbì kan. Ó wá kan gọ́ọ̀mù àti kíláǹpù, ó di ọjọ́ kejì. Ẹ fi òòlù lù ú, ara igi ló máa là, kì í ṣe ojú gọ́ọ̀mù. Irú pátákó bẹ́ẹ̀ ló ń di ojú tábìlì, ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn.

Ti ọ̀gá wa ńkọ́? Kíláǹpù rẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ méjì tó jókòó lé pákó. Ebi sì ń pa ọ̀kan. Àlàfo tó kù, ìyẹ̀fun pákó tó pò mọ́ gọ́ọ̀mù ló fi dí i. Pọ́líìṣì bo àṣírí. Ọyẹ́ dé, pákó ráyè gbẹ, ó súnkì, tábìlì là sí méjì: bàbá ń jẹ àmàlà lápá kan, ìyá lápá kejì. Ẹ pè é, ó ní, “Éà-kọ̀ńdíṣọ̀n yín ló fà á.”

Láti ọdún 1954 ni iléeṣẹ́ ìwádìí igbó, FRIN, ti wà lórí òkè Jẹ́ríkò. Máíkírà lè gbé yín débẹ̀ láti Bódìjà. Àmọ́ ìmọ̀ pákó gbígbẹ ṣì jókòó ní gáréèjì, ó ń dúró kí ọkọ̀ kún.

Ẹ̀yin oníbàárà tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Ẹ̀yin lẹ gba Ring Road lọ ra kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ní ó ti Ítálì dé. Ìyẹ̀fun pákó ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n lẹ bébà aláwòrán igi mọ́ lára. Omi kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Ìyẹ̀fun tí èéfín rẹ̀ ń lé yín ní Bódìjà, ẹ lọ fowó gọbọi rà á!

Ọ̀gá káfíńtà, ẹ̀bẹ̀ kan ni: ibi gbogbo lẹ ti ń pẹ́, àfi ibi tí pípẹ́ ti wúlò. Oṣù mẹ́ta tí owó wa fi ń gbẹ lápò yín, ẹ jẹ́ kí pákó náà bá a gbẹ.