Ọjà Ìkòtún Dé Houston

Ará Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Houston ní Amẹ́ríkà, Galleria ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé e lọ. Láti 1970 ni ilé ìtajà ńlá náà ti wà, tòun ti pápá yìnyín tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, ní ìlú tí oòrùn ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Èkó. Àlejò á ya fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé ní Ẹ̀gbẹ́dá. Lẹ́yìn náà á wo iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bàtà kan, á sì rọra dá a padà sáyè rẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin dání.

Nígbà tí owó ilé bá fojú rẹ̀ rí nǹkan, á kó lọ sí ìhà Bissonnet, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́ nípa Sharpstown.

Frank Sharp ló dá àdúgbò yẹn sílẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960, ó sì ṣí ilé ìtajà ibẹ̀ ní 1961, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Àṣà tó gbòde nígbà náà ni. Ẹni tó dá àṣà náà sílẹ̀ ni Victor Gruen, ayàwòrán ilé tó sá fún Hitler kúrò ní Vienna ní 1938. Ilé ìtajà Southdale rẹ̀ ní Edina, ìpínlẹ̀ Minnesota, ṣílẹ̀kùn ní 1956, tòun ti àgò ẹyẹ gíga láàárín gbùngbùn ilé. Èrò Gruen ni pé ilé gbígbé, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn yóò yí ọjà náà ká, kó lè dà bí ìlú tó fi sílẹ̀. Àwọn onílé gba ọjà, wọ́n sì fi ibi ìgbọ́kọ̀sí rọ́pò ìyókù. Nígbà tí bàbá náà darúgbó, ó ní òun kọ́ lòun bí ọmọ yẹn. Ká ní Ìdímù ló ti sọ ọ́ ni, wọn ì bá ti pe ẹbí jọ.

Kò pẹ́ tí Galleria fi gba oníbàárà olówó lọ́wọ́ Sharpstown. Montgomery Ward kógbá wọlé ní 2001. Foley's di Macy's ní 2006, Macy's náà sì palẹ̀ mọ́. Ní nǹkan bí 2010, wọ́n yí orúkọ ibẹ̀ sí PlazAmericas, nítorí àwọn ará Mẹ́síkò àti ti àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé tì í ló kún àyíká. Ìsọ̀ kéékèèké ló pọ̀ níbẹ̀: aṣọ ayẹyẹ ọmọbìnrin tó pé ọdún 15, ẹ̀gbà ọrùn oníwúrà, àtúnṣe fóònù, onídìrí, orin lópin ọ̀sẹ̀. Ará Ìkòtún ní Alímọ̀ṣọ́ tó bá wọ ibẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kó tó mọ̀, ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nájà.

Ẹ wá wo ilé. Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ló lérò jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn 2006 fún un ní ju mílíọ̀nù kan lọ, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ní wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Síbẹ̀, Aláúsà ní Ìkẹjà ni wọ́n kọ́ ilé ìtajà ńlá Ikeja City Mall sí, kì í ṣe Alímọ̀ṣọ́, tí wọ́n ṣí ní December 2011. Láti Ìgándò, ìrìn àjò gidi ni. Ìdílé á wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á wọ dáńfó dé Ìyànà Ìpájà, wọ́n á tún wọ òmíràn. Tí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á gun àtẹ̀gùn tó ń dá rìn, wọ́n á gba atẹ́gùn tútù lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á ra búrẹ́dì kan ṣoṣo. Ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n á máa fi gbé nǹkan kiri títí ọdún á fi yípo. Iṣu, ata àti epo? Ọjà Ìkòtún ni.

Dọ́là ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ńlá ní Nàìjíríà ló ti ń fi dọ́là ṣírò owó ìsọ̀, nígbà tí oníṣọ́ọ̀bù ń tajà ní náírà. Nígbà tí Ikeja City Mall ṣí, dọ́là kan kò tó 170 náírà. Ní 2024, ó ti ju 1,500 lọ. Àwọn ará South Africa tó ni ilé ìtajà Shoprite kéde ní August 2020 pé àwọn fẹ́ kúrò, Ketron, ilé iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, sì rà á ní 2021. Game, ilé ìtajà South Africa mìíràn, lọ ní 2022. Ẹ̀ka Shoprite ti Kano tìlẹ̀kùn ní January 2024, ti Wuse ní Àbújá tẹ̀ lé e ní June. Ìyá aláta Ìkòtún ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì ní náírà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba tí wọ́n ń pè ní KAI bá da agboòrùn rẹ̀ wó lónìí, ẹ máa bá a níbẹ̀ lọ́la, àfi pé ata á ti gbówó lé díẹ̀.

Aṣọ inú àwọn mọ́ọ̀lù òkèèrè náà mọ ọ̀nà Alímọ̀ṣọ́. Èyí tó bá sú àwọn tó rà á, wọ́n á fi tọrẹ. Oníṣòwò á dì í ní béèlì, ọkọ̀ ojú omi á gbé e dé Kútọnu, ó di ọjà Kátángùwà, níhà Abúlé Ẹ̀gbá. Òfin ní kí òkìríkà, ìyẹn aṣọ àlòkù, má wọlé. Òkìríkà kò tíì gbọ́.

Ìdí nìyẹn tí December fi máa ń le fún ará Houston tó bá wálé. Ó ti ra ṣẹ́ẹ̀tì tó lórúkọ ní dọ́là 40, ó kó o sínú báàgì, ó fà á le àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀. Àbúrò wọlé, ó gbé méjì irú rẹ̀ jáde, tó rà ní Kátángùwà.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ṣeun o. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ sáà kó dọ́là yẹn bọ̀. Àwa la máa ra ṣẹ́ẹ̀tì fún yín.”