Àìrìnpọ̀ Ejò àti Owó Ẹnu Ọ̀nà

Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà, nítorí pé bí oká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá sì ń wọ́ ruru bọ̀ lẹ́yìn, kò sí baba ẹni tí yóò dúró. Ẹni tí ó pa òwe yìí kò bá ayé òde òní pàdé, ayé tí a ti ń kó oríṣiríṣi ejò pọ̀ sójú kan, tí àwọn ènìyàn kò sá, tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti sanwó ìwọlé.

Olùgbé Festac Town ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, àdúgbò tí ìjọba kọ́ láti fi gba àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ní ọdún 1977, mọ ohun tí a ń ṣe bí ejò bá yọ lẹ́bàá kánáàlì: igi ni, òkúta ni, kò sì sí ẹni tí ń bèèrè bóyá ó ní oró, tàbí bóyá eku inú gọ́tà ni ó ń wá kiri. Olùgbé yìí kan náà lè wọkọ̀ ní Mile 2, kí ó gba Bàdágírì dé Sẹ̀mẹ̀, kí ó kọjá Kútọnu dé Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, kí ó sì sanwó kí wọ́n gbé ejò kọ́ ọ lọ́rùn ní ilé Dangbe, òrìṣà ejò.

Òjòlá kékeré ni ejò náà, Python regius ni àwọn onímọ̀ ń pè é, kò sì ní oró. Bí ẹ̀rù bá bà á, a ká ara rẹ̀ jọ, a sì fi orí pamọ́ sáàárín. Àlejò rí i bẹ́ẹ̀, ó ní ejò yìí mà ní sùúrù o, ó sì ya fọ́tò ìbẹ̀rù lọ sílé. Kí a má purọ́, àwọn ará Ouidah kì í pa á, wọ́n sì ń jẹ́ kí ó jáde lọ wá oúnjẹ. Oníṣòwò ni kò ní èèwọ̀: ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ejò yìí ni wọ́n ti kó láti Tógò, Benin àti Gánà lọ tà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, bí ó tilẹ̀ wà nínú ìwé CITES, ìyẹn àdéhùn tí ó ní kí a gba ìwé àṣẹ kí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ tó kọjá ẹnubodè.

Nílé níbí, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 nítorí ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, ń gba owó ìwọlé. Lekki Conservation Centre, tí a dá sílẹ̀ ní 1990, ń gbà á pẹ̀lú. Owó kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, nítorí ẹranko kò lè jẹ ìmọ̀ yó. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni bóyá ejò, tí ara rẹ̀ kì í dá mú ooru wá, ní ibi oòrùn, ibòòji àti ibi ìfarapamọ́, àti bóyá ẹni tí ó ń jáde lọ lè mọ paramọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ejò tí kò lè pa ọmọ adìẹ. Ní Lekki pàápàá, ọ̀pọ̀ àlejò ń kánjú kọjá lára pátákó àlàyé kí wọ́n lè tètè ya fọ́tò lórí afárá òkè igi, tí ó gùn ní mítà 401. Ní ti ọ̀rọ̀ náà “ẹ̀kọ́”, kò wọ́n: ẹni tí ó bá ní àpótí gíláàsì mẹ́ta lè kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀, kí ó sì torí rẹ̀ fi owó lé owó ìwọlé kí ó tó di ọ̀sán.