Wáyà Olówó Gọbọi

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kan Ìyá Agbaninímọ̀ràn lára lóṣù yìí wá láti Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ obìnrin tó kọ ọ́ fẹ́ ra wáyà iná fún sítírò wọn. Wáyà ọ̀hún ò gùn ju mítà méjì lọ, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé oṣù méjì. Ọkọ ní tí àwọn bá ti kì í bọ ògiri báyìí, àfi bíi pé onílù jókòó sí pálọ̀ àwọn. Obìnrin náà wá ń bèèrè: ṣé etí òun ló di ni, àbí wọ́n ti fi nǹkan sí ọkọ òun létí?

Ìyá ní kó fara balẹ̀. Iná tó dé ilé wọn ti rin ọ̀pọ̀ kìlómítà lórí wáyà lásán, ó ti gba inú tiransifọ́mà àdúgbò, ó ti gba inú ògiri. Mítà méjì tó gbẹ̀yìn ni ọkọ fẹ́ fi owó ilé ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Bí iná bá sì wọ inú ẹ̀rọ tán, ẹ̀rọ ò ní lò ó bó ṣe wá. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ á yí i padà kó lè máa gba ọ̀nà kan ṣoṣo, kapásítọ̀ á sì mú un tẹ́jú kó tó kan orin rárá.

Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti ìlú Ọba, tí àwa náà ń lò nílé, ní fíúùsì nínú. Wáyà ì báà sanra bí òjòlá, inú fọ́nrán tín-ín-rín tó wà nínú fíúùsì yẹn náà ni gbogbo iná rẹ̀ máa gbà kọjá. (Àwọn ọlọ́jà ti ronú kan ìyẹn náà: fíúùsì olówó gọbọi ti wà lórí àtẹ.)

Lọ́dún 2004, àwọn olólùfẹ́ ohùn àtàtà kan ní agbègbè San Francisco dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n kó Valhalla, wáyà iná ilé-iṣẹ́ Nordost tó ń lọ ní 2,500 dọ́là nígbà náà, àti wáyà lásán jọ, wọn ò sì jẹ́ kí àwọn tó ń gbọ́ orin rí èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Nínú ìdáhùn 149, 73 ló tọ̀nà. Ká ju kọ́bọ̀ sókè, bó ṣe máa rí náà nìyẹn.

Ọkọ ò purọ́ o. Ẹni tó ti mọ iye tó ná, etí rẹ̀ á bá a wá ìdùnnú rí.

Nítorí náà, bí ọkọ bá ti ra wáyà náà tán, kí ìyàwó dúró dìgbà tí ọkọ bá wọlé lọ wẹ̀. Kó yọ púlọ́ọ̀gì, kó fi wáyà kọ̀ǹpútà tí ẹnu rẹ̀ bá bá ẹ̀rọ mu rọ́pò rẹ̀, kó gbé ìkòkò òdòdó dí i. Bí ọkọ bá ní, “Ẹ gbọ́ bí dùndún yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀!”, kó kàn mi orí. Kó ṣe é nígbà mẹ́wàá, kó máa pààrọ̀ rẹ̀ láìsọ. Bí ọkọ bá mọ èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà mẹ́sàn-án, kó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kó sì bá a san nínú owó náà. Kó tún máa dúpẹ́ pé Tokyo kọ́ ni wọ́n ń gbé: ní 2016, ìwé ìròyìn Wall Street Journal kọ nípa agbẹjọ́rò kan níbẹ̀, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó ná nǹkan bíi 10,000 dọ́là láti ri òpó iná tirẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí orin.

Nínú lẹ́tà kejì, oníṣòwò kan ní ọjà Alábà bèèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ta irú wáyà bẹ́ẹ̀. Ìyá ní kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ àti wúrà, kó pè é ní ẹ̀ṣọ́, ẹ̀ṣẹ̀ bùṣe. Wáyà tó yẹ kó bẹ̀rù ni èyí tí bàbà inú rẹ̀ ò tó, tó máa ń gbóná, tó sì lè jó ilé oníbàárà.

Ẹni kẹta, ará Ìbàdàn, fẹ́ mọ̀ bóyá wáyà náà á wúlò fún ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ gbọ́ orin. Gbólóhùn kan péré ni Ìyá fi dá a lóhùn: kó kọ́kọ́ gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lábẹ́ fèrèsé pálọ̀.